Àkúrẹ́ Ni Mo Ti Gba Tábìlì Oúnjẹ Wa Sílẹ̀ ní Disney

Bí ẹ bá ń kó ìdílé yín lọ sí Walt Disney World, àwọn ọgbà ìgbafẹ́ ńlá tó wà ní Florida ní Amẹ́ríkà, tí físà ti jáde, tí ẹ ti ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù, ọ̀rọ̀ oúnjẹ ló kàn. Ẹ má ṣe fi í dọjọ́ tí ẹ máa débẹ̀. Nílé níbí, ebi lè pa èèyàn ní Alágbàáká, kó ya bùkátéríà tó bá kọ́kọ́ rí, kí wọ́n sì gbé iyán síwájú rẹ̀ kó tó jókòó dáadáa. Kò sẹ́ni tó máa bi í bóyá ó ti ránṣẹ́ ṣáájú. Níbi tí mò ń sọ yìí, owó lè kún àpò yín, kí ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé oúnjẹ tẹ̀yin tọmọ, tẹ̀yin tìyá, kí ọmọge tó wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ́rìn-ín músẹ́ sí yín, kó ní gbogbo tábìlì ti ní ẹni tó ni ín títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Àbúrò mi ọkùnrin tó ń gbé ní Texas ló dá àbá ìrìn àjò náà. Ó fẹ́ kí èmi, ọkọ mi, àwọn ìbejì mi àti Mọ̀ọ́mì wa wá bá òun, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ wọn tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta, kí gbogbo wa jọ lo ìsinmi oṣù kẹjọ ní Orlando, ìlú tí Disney wà nítòsí rẹ̀. Òun sanwó hòtẹ́ẹ̀lì, ó sì kó ọ̀rọ̀ oúnjẹ lé mi lọ́wọ́. "Àǹtí mi, ẹ bá wa ṣe é. Iṣẹ́ ò jẹ́ kí n ráyè, ẹ̀yin náà lẹ sì mọ ohun tí Mọ̀ọ́mì lè jẹ." Inú mi dùn sí i. Ẹni tó bá ti ṣe ìgbéyàwó nínú oṣù Kejìlá ní Àkúrẹ́ rí mọ̀ pé èèyàn kì í dúró di ọ̀sẹ̀ ìnáwó kó tó lọ bá alásè. Ẹni tó bá dúró, ẹlòmíì á ti gba alásè yẹn mọ́ ọn lọ́wọ́. Bí ọ̀rọ̀ tábìlì ṣe rí ní Disney náà nìyẹn.

Ilẹ̀ ibẹ̀ tóbi. Magic Kingdom ni wọ́n kọ́kọ́ ṣí, ní ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá ọdún 1971. Epcot tẹ̀ lé e ní 1982, Hollywood Studios ní 1989, Animal Kingdom ní 1998. Ọgbà mẹ́rin nìyẹn, láì tíì ka àwọn hòtẹ́ẹ̀lì tó wà láàárín wọn, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ilé oúnjẹ tiwọn. Oríṣi ilé oúnjẹ méjì lẹ máa bá níbẹ̀. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé ẹ máa gba oúnjẹ lórí káńtà, ẹ gbé e, ẹ wá ibi jókòó sí. Ìyẹn ò ní gbígbà sílẹ̀ nínú. Àwọn kejì ni èyí tí wéètà ti ń wá bá yín ní tábìlì, tàbí tí wọ́n tẹ́ oúnjẹ sílẹ̀ rẹpẹtẹ kí ẹ máa bù ú fúnra yín. Àwọn wọ̀nyí ni ogun wà lórí wọn.

Ọjọ́ 60 ṣáájú ọjọ́ oúnjẹ ni wọ́n máa ń ṣílẹ̀kùn gbígba tábìlì sílẹ̀ lórí áàpù wọn. Títí di 2020, ọjọ́ 180 ni, nítorí náà bí ẹ bá rí ẹni tó lọ nígbà yẹn tó ń sọ pé oṣù mẹ́fà ni, kò parọ́, ètò ló yí padà. Bí ẹ bá máa débẹ̀ ní ọjọ́ 8 oṣù kẹjọ, ọjọ́ 9 oṣù kẹfà lọjọ́ yín. Ẹni tó bá sì gba yàrá ní hòtẹ́ẹ̀lì tó jẹ́ ti Disney fúnra wọn ní àǹfààní kan tó pọ̀: ní ọjọ́ 60 ṣáájú ọjọ́ tó máa wọ yàrá, ó lè gba tábìlì fún gbogbo ọjọ́ tó máa lò níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, títí dé ọjọ́ 10. Ẹni tó dé sí hòtẹ́ẹ̀lì mìíràn ní ìta, ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ni yóò máa ka ọjọ́ 60 tirẹ̀ fún. Àbúrò mi ti gba yàrá ní Pop Century, ọ̀kan nínú àwọn hòtẹ́ẹ̀lì wọn tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n, nítorí náà a wà lára àwọn tó ní àǹfààní yìí.

Àwọn ará Amẹ́ríkà máa ń ráhùn nítorí aago tí wọ́n fi ń ṣí i, torí nǹkan bí aago mẹ́fà ìdájí ni lọ́dọ̀ wọn. Ibi tí Ọlọ́run ti ṣojú àánú sí wa nìyẹn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, wákàtí márùn-ún la fi ṣáájú Florida, nítorí náà aago mọ́kànlá òwúrọ̀ ni lọ́dọ̀ tiwa. Nígbà òtútù wọn, ó di wákàtí mẹ́fà, aago méjìlá ọ̀sán nìyẹn. Àwọn yẹn ń fi ojú oorun tẹ fóònù, èmi ti jẹun, mo ti kọ́ kíláàsì méjì. Mo gbàyè lọ́wọ́ ọ̀gá ilé ìwé wa, mo jókòó sínú yàrá olùkọ́. Bátìrì kún, dátà wà lórí síìmù méjì, ìwé tí mo kọ gbogbo rẹ̀ sí wà níwájú mi.

Ohun tó wà nínú ìwé yẹn ló gba àkókò jù. Gbogbo èèyàn lórí WhatsApp ẹbí ló ní ibi tó ti rí lórí YouTube. Ìyàwó àbúrò mi fẹ́ Cinderella's Royal Table, tó wà nínú ààfin tó ga fíofío láàárín Magic Kingdom. Àwọn ìbejì fẹ́ ibi gbogbo. Àbúrò mi fẹ́ ẹran. Mọ̀ọ́mì fi ohùn ránṣẹ́ sí wa: "Ṣé ìyàn mú ní Amẹ́ríkà ni? Oṣù karùn-ún la wà yìí, ẹ ti ń wá oúnjẹ oṣù kẹjọ."

Mo wá pinnu pé ara àgbà àti ara ọmọdé ni màá fi yan, kì í ṣe òkìkí ilé oúnjẹ. Àwa tí ara wa le lè fi gúgúrú àti omi tútù dúró títí di alẹ́. Mọ̀ọ́mì kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, orúnkún ń dùn ún, oògùn ìfúnpá rẹ̀ sì ní aago tó ń lò ó, oúnjẹ gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀ kó tó lò ó. Ọmọ àbúrò mi náà, bó bá ti di ọ̀sán, oorun ló kàn, bí oorun ò bá sì sí, ẹkún ni. Oòrùn oṣù kẹjọ ní Florida kì í ṣeré, bó bá di ọ̀sán, òjò a máa sán ààrá rọ̀ lójijì. Ohun tí mò ń gbà sílẹ̀ gan-an ju oúnjẹ lọ. Àga ni, afẹ́fẹ́ tútù ni, àti bíi wákàtí kan àtààbọ̀ tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò ní dìde dúró, tí Mọ̀ọ́mì á máa wo ojú àwọn ọmọ rẹ̀ lórí tábìlì kan náà. Ó ti pẹ́ tí a ti ṣe irú rẹ̀ kẹ́yìn. Ìdí nìyẹn tí n kò fi gbà pé afẹ́ lásán ni.

Nígbà tí mo ti fi ojú yìí wò ó, ìwé náà kúrú. Mo mú ilé oúnjẹ méjì fún gbogbo wa, méjèèjì sì wà nínú hòtẹ́ẹ̀lì, kì í ṣe nínú ọgbà. Ẹ kíyè sí èyí: ẹni tó bá fẹ́ jẹun nínú ọgbà gbọ́dọ̀ ní tíkẹ́ẹ̀tì ọgbà yẹn fún ọjọ́ náà, tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀hún ò sì pọ́ọ́kú rárá. Ilé oúnjẹ inú hòtẹ́ẹ̀lì ò béèrè tíkẹ́ẹ̀tì. A kó méjèèjì sí àwọn ọjọ́ tí a kò wọ ọgbà kankan, ọjọ́ tí ẹsẹ̀ ń sinmi. Owó tí ìyẹn dá dúró fún wa kì í ṣe kékeré.

Ọgbọ́n kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ fetí sí dáadáa, òun ló gbà mí jù. Ẹ wá ibi tó le jù fún ọjọ́ tó kẹ́yìn ìrìn àjò yín, ẹ má wá a fún ọjọ́ àkọ́kọ́. Ìdí rẹ̀ ni pé, ní òwúrọ̀ tí ilẹ̀kùn ṣí fún yín, àwọn tó máa wọ hòtẹ́ẹ̀lì ṣáájú yín ti ní àǹfààní àtigba tábìlì fún ọjọ́ àkọ́kọ́ yín láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, wọ́n sì ti ṣa á jẹ. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tó kẹ́yìn yín ṣì jìnnà sí ọ̀pọ̀ èèyàn. Àwọn tó máa dé lẹ́yìn yín ò tíì lè fọwọ́ kàn án, àwọn tó dé sí ìta ò lè fọwọ́ kàn án, àwọn tó ṣáájú yín sì ti ń palẹ̀ mọ́ kó tó kàn wọ́n. Ẹ̀yin àti ìwọ̀nba èèyàn díẹ̀ lẹ jọ ń wò ó. Bí mo ṣe rí Cinderella's Royal Table fún ìyàwó àbúrò mi nìyẹn. Mo wá a fún èèyàn mẹ́rin péré, òun, èmi àti àwọn ìbejì, torí owó ibẹ̀ ga, Mọ̀ọ́mì sì ti sọ pé òun ò ní jẹun nílé ọmọ ọba òyìnbó tóun ò mọ̀. Ó bọ́ sí ọ̀sán ọjọ́ tó kẹ́yìn gan-an.

Ti iye èèyàn yìí ṣe pàtàkì. Mẹ́jọ ni wá. Ọmọ ọwọ́ náà wọ inú iye tí ẹ máa tẹ̀ síbẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta lè jẹ nínú oúnjẹ tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ láì san kọ́bọ̀. Ọmọ ọdún 3 sí 9 ń san owó ọmọdé. Bó bá ti pé ọdún 10, owó àgbà ló kù. Àwọn ìbejì mi ṣẹ̀ṣẹ̀ pé mẹ́wàá nígbà yẹn, nítorí náà owó àgbàlagbà la san lórí wọn. Tábìlì tó gba mẹ́jọ kì í pọ̀. Bí ẹ bá wá mẹ́jọ tí ẹ ò rí, ẹ wá mẹ́rin lẹ́ẹ̀mejì ní aago tó sún mọ́ra, kí ẹ sì sọ fún wọn lẹ́nu ọ̀nà pé ẹbí kan náà ni yín. Bí àyè bá wà, wọ́n á gbìyànjú.

Káàdì ni wàhálà tiwa. Wọn kì í yọ owó lọ́jọ́ tí ẹ gba tábìlì sílẹ̀, àyàfi fún àwọn kan bíi Hoop-Dee-Doo Musical Revue, níbi tí wọ́n ti ń kọrin, tí wọ́n ń ṣeré bí ẹ ṣe ń jẹun. Ìyẹn, ẹ máa sanwó rẹ̀ ṣáájú. Fún àwọn tó kù, wọ́n kàn fẹ́ káàdì tí wọ́n lè dì mú ni. Káàdì náírà mi kọ̀, kò tilẹ̀ sọ ìdí. Mo mọ̀ pé ó lè ṣẹlẹ̀, mo ti gba káàdì dọ́là lórí àkáǹtì dọ́là mi láti oṣù kẹrin, mo sì ti fi í ra nǹkan kékeré kan láti mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Ẹ má ṣe jẹ́ kó jẹ́ òwúrọ̀ ọjọ́ náà lẹ máa kọ́kọ́ dán káàdì yín wò. Bí ẹ bá ní ẹbí ní Amẹ́ríkà, ẹ ní kó fi káàdì tirẹ̀ sínú rẹ̀, kó sì wà nítòsí fóònù.

Boma lorúkọ ibi tí mo mú fún Mọ̀ọ́mì. Inú Animal Kingdom Lodge ló wà, hòtẹ́ẹ̀lì kan tí wọ́n fi pápá ẹranko yí ká, oúnjẹ tí wọ́n mú láti oríṣiríṣi ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n sì ń tẹ́ síbẹ̀. Aago márùn-ún àbọ̀ ìrọ̀lẹ́ ni mo mú. Àwọn èèyàn máa ń fẹ́ aago méje, torí náà ó rọrùn láti rí, ó bá aago oògùn mu, ilẹ̀ ò sì tíì ṣú tí a ó fi rí ẹranko. Ọkọ̀ tí àbúrò mi háyà la gbé lọ. A dé ṣáájú àkókò, a sì jáde síbi tí wọ́n ti ń wo pápá. Mọ̀ọ́mì di irin mú, ó dákẹ́, ó ń wo àgùnfọn kan tó na ọrùn sókè tó ń já ewé jẹ. Ẹṣin abilà méjì wà lẹ́yìn rẹ̀. "Ọlọ́run tóbi," ni Mọ̀ọ́mì wí. Kò sọ nǹkan míì fún ìgbà pípẹ́. Kẹ́hìndé lọ di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Nígbà tí wọ́n pè wá wọlé, ó kọ́kọ́ rìn yí ibi tí oúnjẹ wà ká pẹ̀lú àwo òfìfo lọ́wọ́, bó ṣe máa ń ṣe ní Ọjà Ọba, kò ra nǹkan kan títí ó fi rí gbogbo rẹ̀. Ọbẹ̀ wà lóríṣiríṣi, ẹran tí wọ́n sun tí wọ́n ń gé fúnni wà, bobotie àwọn ará South Africa wà, ẹran lílọ̀ tí wọ́n fi ẹyin bò lórí tí wọ́n sì yan. Mọ̀ọ́mì tọ́ ọbẹ̀ kan wò, ó tọ́ èkejì, ó mirí. "Ata ò tó. Ṣùgbọ́n ẹni tó sè é mọ ọbẹ̀." Ó padà lọ bù sí i. Iyán kọ́ o, kí ẹnikẹ́ni má lọ retí iyán níbẹ̀. Ohun dídùn kan wà tí gbogbo èèyàn ń sáré sí, Zebra Dome, kékeré róbótó, funfun tí wọ́n fi ṣokoléètì fa ìlà sí lára. Amarula wà nínú rẹ̀, ọtí sì ni Amarula. Mo ti sọ fún Mọ̀ọ́mì ṣáájú, torí kì í fẹnu kan ọtí, ó sì mú èso dípò rẹ̀. Bí ẹ bá ní ìdí kankan, ìbáà jẹ́ ti ìsìn tàbí ti àìsàn, ẹ bi wọ́n léèrè. Wọ́n máa ń dáhùn dáadáa, àyè sì wà láti kọ ohun tí ara yín ò gbà sílẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń gba tábìlì.

Oúnjẹ kejì, ti ọmọ àbúrò mi ni. Òwúrọ̀ ni, ní Chef Mickey's nínú hòtẹ́ẹ̀lì Contemporary, níbi tí àwọn ẹ̀dá inú eré kàtúùnù Disney, Mickey, Minnie, Donald, Goofy àti Pluto, ti ń wá kí èèyàn ní tábìlì. Nínú ọgbà, ẹ máa tò sórí ìlà kí ẹ tó lè bá wọn ya fọ́tò. Níbí, àwọn ló ń tọ̀ yín wá, ẹ̀yin ń jẹ ẹyin díndín lọ. Ọmọ náà kọ́kọ́ fi ojú pamọ́ sáyà ìyá rẹ̀ nígbà tí Goofy dé. Nígbà tó máa fi kan Mickey, òun fúnra rẹ̀ ló nawọ́.

Gbogbo oúnjẹ tó kù, a ò gba ọ̀kankan sílẹ̀, mo sì gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ má kún ìwé yín jù. Ẹni tó bá ní tábìlì láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́ lójoojúmọ́ á máa sá kiri ni, á máa wo aago. Ní ibi káńtà, áàpù My Disney Experience lẹ máa fi pe oúnjẹ ṣáájú, ẹ ó kàn lọ gbé e ni. Wọ́n máa ń fún èèyàn ní omi tútù nínú ife lọ́fẹ̀ẹ́ níbẹ̀, ẹ ṣáà béèrè. Wọ́n sì gbà kí ẹ gbé oúnjẹ tiyín wọ ọgbà, bí kò bá ti sí ọtí àti ohun èlò onígíláàsì nínú rẹ̀, tí kò sì nílò kí wọ́n gbé e kaná. Ìyàwó àbúrò mi din puff-puff àti ẹja kékeré sínú kúlà kan tí kò tóbi. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní ká máa kọjá.

Bí ibi tí ẹ fẹ́ bá ti kún lọ́jọ́ 60, ẹ má sọ̀rètí nù. Ètò àwọn èèyàn máa ń yí padà. Ẹni tó bá gba tábìlì tí kò lọ, tí kò sì fagi lé e ó kéré tán wákàtí méjì ṣáájú, dọ́là 10 ni wọ́n máa yọ lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ wọn. Fún àwa mẹ́jọ, ọgọ́rin dọ́là nìyẹn. Nítorí owó yìí, bí ọjọ́ ṣe ń sún mọ́, ní pàtàkì ní alẹ́ tó ṣáájú àti òwúrọ̀ ọjọ́ náà gan-an, àwọn èèyàn máa ń jọ̀wọ́ tábìlì sílẹ̀. Ẹ máa yẹ áàpù wò. Ẹ̀yin náà, bí ẹ ò bá ní lọ mọ́, ẹ tètè fagi lé e; ìdílé kan wà níbì kan tó ń wá a.

Ẹ wo ìwé owó dáadáa kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Owó tí wọ́n kọ sára oúnjẹ ò tíì ní owó orí nínú, ó sì tún ku ti wéètà, tí ẹnikẹ́ni kì í fò lọ́hùn-ún, torí ara owó iṣẹ́ wọn ni. Fún èèyàn mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n máa ń fi ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún kún un fúnra wọn. Bó bá ti wà níbẹ̀, kò sídìí láti tún san òmíràn, àfi bí inú yín bá dùn sí ẹni náà.

Ẹlẹgbẹ́ mi kan níléèwé ń múra àtilọ báyìí, òun, ọkọ rẹ̀, àwọn ọmọ àti ìyá ọkọ rẹ̀ tó wà ní Oǹdó, fún ìsinmi Kérésì. Ọjọ́ 20 oṣù Kejìlá ni wọ́n máa débẹ̀, a sì ti jọ kà á pé ọjọ́ 21 oṣù kẹwàá ni yóò jókòó sídìí fóònù, ní aago mọ́kànlá òwúrọ̀. Ó ti kọ orúkọ ilé oúnjẹ kún ojú ìwé kan. Mo ní kó kọ́kọ́ lọ bi màmá léèrè aago tí wọ́n máa ń jẹun alẹ́ àti ohun tí inú wọn ò gbà. Màmá ní aago mẹ́fà ò gbọdọ̀ lù, òun ò sì lè jẹ ohun tí wọ́n fi wàrà sè. Ìyẹn nìkan ti yọ bí ìdajì orúkọ tó wà nínú ìwé náà kúrò.